Bí A Ṣe Ń Yan Mọ́nítọ̀ Kámẹ́rà fún Fídíò Ẹyẹ àti Ẹranko Igbó

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀ ní etí adágún omi Ọpa, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, mo sì fi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ya fídíò àwọn lékèélékèé tó ń jẹ̀ lórí koríko etí omi. Lójú kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, ohun gbogbo dára. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà, ara àwọn ẹyẹ náà ti jóná di funfun báláú, kò sí ìyẹ́ kan tí ojú lè yà sọ́tọ̀ lára wọn, koríko tó wà lẹ́yìn wọn ló sì mú fókọ́ọ̀sì dípò ojú wọn. Oòrùn tó ń tàn sí ẹ̀yìn kámẹ́rà ni kò jẹ́ kí n rí àṣìṣe méjèèjì nígbà tí wọ́n ṣì ṣeé tún ṣe.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo mọ́nítọ̀, ìyẹn ojú fídíò tó tóbi díẹ̀ tí a ń so mọ́ kámẹ́rà láti ìta, mo sì ti ra èyí tí kò bá iṣẹ́ mi mu kí n tó ra èyí tó bá a mu. Kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì ló ń ya àwòrán; iṣẹ́ mọ́nítọ̀ ni láti sọ òtítọ́ nípa ohun tí wọ́n ń yà fún ẹni tó dúró lẹ́yìn wọn, lásìkò tí ẹranko náà ṣì wà níbẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú sì ni ayàwòrán ẹranko ń fi owó rà nígbà tó bá ra mọ́nítọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbà yín níyànjú láti fi wọn gbogbo èyí tí ẹ bá rí lọ́jà: ṣé yóò sọ òtítọ́ fún mi ní ibi tí mo máa ń dúró sí gan-an, ní wákàtí tí mo máa ń wà níbẹ̀? Àwọn ìgbésẹ̀ tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí tẹ̀lé ìbéèrè náà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ kọ àwọn ibi tí ẹ ti ń yàwòrán sílẹ̀

Ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ kọ orúkọ ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ ti máa ń ya fídíò jù, irú ẹranko tó wà níbẹ̀, wákàtí tí ẹ máa ń débẹ̀, àti bóyá orí tírápọ́dù ni kámẹ́rà yóò wà tàbí ọwọ́ yín. Tèmi rí báyìí. Etí omi Ọpa: gbangba ni, kò sí ibòji, lékèélékèé àti ẹyẹ apẹja ni mo ń yà níbẹ̀ láti aago méje sí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọ̀pẹ kan tí àwọn ẹ̀gà kọ́ ìtẹ́ sí lẹ́yìn ilé: òkè ni mo ń wò, ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ ló sì wà lẹ́yìn àwọn ẹyẹ náà. Àwọn igi tí àwọn àdán ńlá tó ń jẹ èso máa ń so rọ̀ sí nínú ọgbà yunifásítì: ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbéra, bí ilẹ̀ ti ń ṣú lọ. Ìsàlẹ̀ omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà: labalábá àti alángbá lórí àpáta, pẹ̀lú ìkán omi wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kálẹ̀ láti ara omi tó ń já bọ́ lókè. Ẹni tó bá ń ti Iléṣà lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo láti ya àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ yóò kọ nǹkan mìíràn, nítorí abẹ́ igi ni yóò wà ní gbogbo ìgbà, ìtànṣán oòrùn kọ̀ọ̀kan ni yóò sì máa rí gba àárín ewé.

Bí ìwé yín bá fi hàn pé ẹyẹ tó ń fò ni ẹ máa ń yà jù, tí ẹ sì máa ń gbé kámẹ́rà lọ́wọ́, mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò pé ihò tí a ń fi ojú sí lára kámẹ́rà, ìyẹn viewfinder, yóò ṣe yín láǹfààní ju mọ́nítọ̀ lọ, nítorí orí yín ń ti kámẹ́rà náà dúró, oòrùn kò sì lè wọ inú rẹ̀. Mọ́nítọ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń jókòó de ẹranko, ẹni tó gbé kámẹ́rà lé tírápọ́dù nínú ibùba, tó sì lè lo wákàtí méjì gbáko kí ohun tó ń retí tó yọjú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín láti ra ohun tí iṣẹ́ yín kò béèrè.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yẹ ihò HDMI ara kámẹ́rà yín wò

HDMI ni ihò tí àwòrán ń gbà jáde láti inú kámẹ́rà lọ sí mọ́nítọ̀, oríṣi mẹ́ta ló sì wà lára àwọn kámẹ́rà: èyí tó tóbi bíi ti tẹlifíṣọ̀n, èyí àárín tí wọ́n ń pè ní mini, àti èyí tó kéré jù tí wọ́n ń pè ní micro. Sony a7S III àti Panasonic GH5 ní èyí tó tóbi, Nikon Z6 ní mini, Canon EOS R5 sì ní micro. Micro ni kí ẹ ṣọ́ jù, nítorí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹsẹ̀ yín tàbí ẹ̀ka igi bá sì fa wáyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ihò náà lè yẹ̀ lára pátákó tó wà nínú kámẹ́rà. Ẹ ra ìdè tó ń di orí wáyà mọ́ ara kámẹ́rà, kí ẹ sì yan wáyà tó rọ̀. Wáyà tó le bí igi máa ń fa ihò náà nígbàkígbà tí ẹ bá yí kámẹ́rà sí ọ̀tún tàbí sí òsì.

Ohun tó kàn ni agbára HDMI mọ́nítọ̀ náà. HDMI 1.4 kò lè gbé 4K, ìyẹn fídíò tó ní píksẹ́lì 3840 ní 2160, kọjá férémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan) 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, HDMI 2.0 sì lè gbé e dé 60. Bí ẹ bá ń ya 4K ní férémù 50 tàbí 60 kí ẹ lè dẹ ìrìn ẹyẹ lọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń to fídíò, mọ́nítọ̀ tó jẹ́ HDMI 1.4 lè má fi nǹkan kan hàn yín, àfi bí ẹ bá yí ohun tí kámẹ́rà ń gbé jáde sí 1080, tó kéré ju 4K lọ. Kò pọn dandan kí ojú mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ 4K. Lórí ínṣì 5, píksẹ́lì 1920 ní 1080 ti ju 400 lọ nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan, ojú ènìyàn kò sì lè rí ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ibi tí a máa ń dúró sí.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ so kámẹ́rà yín mọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé. Tẹlifíṣọ̀n náà yóò ṣe bí mọ́nítọ̀ fún yín, ẹ ó sì rí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta tí ìwé ìpolówó kì í dáhùn. Ṣé ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà ń kú nígbà tí ẹ bá ki wáyà bọ̀ ọ́? Ṣé àmì kékeré tí kámẹ́rà fi ń tẹ̀lé ojú ẹranko ń hàn lórí tẹlifíṣọ̀n náà, àbí ojú kámẹ́rà nìkan ló ń hàn sí? Ṣé ẹ lè mú àwọn nọ́ńbà àti àmì kúrò lórí àwòrán bí ẹ bá fẹ́? Nínú àwọn kámẹ́rà kan, yíyan kan ṣoṣo ló wà: bí ẹ bá fẹ́ àmì náà, gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù yóò bá a wá, wọn yóò sì bo etí àwòrán tí ẹ̀gà máa ń gbà wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìmọ́lẹ̀ ojú mọ́nítọ̀

Ìmọ́lẹ̀ ni mo fi ṣáájú iye owó, mo sì fi ṣáájú ìtóbi pẹ̀lú. Nit ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, nit kan sì dọ́gba pẹ̀lú candela kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ́nítọ̀ tí owó wọn kò ga jù kò kọjá nit 400 sí 500. Irú èyí tó fún ẹni tó ń ya ìgbéyàwó nínú gbọ̀ngàn tàbí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán òde àríyá tí mo mọ̀ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, nítorí náà òun ni wọ́n máa ń júwe fún ẹni tó bá béèrè. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, nit 450 ni. Ọ̀gá tó tà á fún mi tàn án nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó mọ́lẹ̀ gidigidi, kò sì sí irọ́ nínú ohun tó sọ, nítorí inú ṣọ́ọ̀bù ni òun náà ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo gbé e dé etí Ọpa ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ojú ara mi ni mo ń rí nínú rẹ̀.

Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní gbangba, nit 1000 ni mo kà sí ìpìlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé oòrùn ń bọ́ sórí mọ́nítọ̀ náà tààrà, láti aago mẹ́wàá sí aago mẹ́rin, 1500 sí 2500 ni yóò jẹ́ kí ẹ ríran láìfún ojú pọ̀. Nínú igbó tó ní ibòji, tàbí ní ìrọ̀lẹ́, 500 lè tó bí ẹ bá fi ìbòrí sí i. Ìbòrí dúdú tó yí ojú mọ́nítọ̀ ká kò wọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku bá sọ gbogbo ojú ọ̀run di funfun, ibi gbogbo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, ìbòrí náà kì í sì lè dá a dúró tó bó ṣe ń ṣe nínú oṣù Kẹrin lẹ́yìn òjò. Ẹ wọ aṣọ tó ṣókùnkùn pẹ̀lú. Aṣọ funfun máa ń hàn padà nínú gíláàsì mọ́nítọ̀, ó sì ń jẹ́ kí ẹranko tètè rí yín. Bí ẹ bá ń lo dígí ojú tó ń dín ìtànṣán kù, irú èyí tí wọ́n ń pè ní polarised, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀, nítorí ó lè sọ ojú mọ́nítọ̀ di dúdú bí ẹ bá tẹ orí sí ìhà kan.

Ìdà kejì wà tí àwọn ènìyàn kì í béèrè: báwo ni ìmọ́lẹ̀ náà ṣe lè lọ sílẹ̀ tó? Nígbà tí àwọn àdán bá ń gbéra ní ìrọ̀lẹ́, mọ́nítọ̀ tí kò lè rọlẹ̀ yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú yín bí àtùpà, yóò sì tan yín jẹ, torí pé àwòrán tó dúdú ju bó ṣe yẹ lọ máa ń dà bí èyí tó mọ́lẹ̀ nígbà tí òkùnkùn bá yí mọ́nítọ̀ ká. Mo ti gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ délé. Àwọn àdán náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òjìji lásán ni wọ́n, kò sì sí bí mo ṣe gbé ìmọ́lẹ̀ wọn sókè tí kò kún fún àmì wínníwínní.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìtóbi, ìwúwo, àti ibi tí ẹ ó gbé e kọ́

Ínṣì 5 àti ínṣì 7 ló wọ́pọ̀. Ìwúwo ti ínṣì 5 sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 200 sí 400 láìsí bátìrì, ti ínṣì 7 sì lè kọjá 500. Bí ẹ bá ní láti gun àtẹ̀gùn Olúmirin pẹ̀lú lẹ́ǹsì, tírápọ́dù àti omi mímu lẹ́yìn, ínṣì 5 ni kí ẹ rà. Bí ó bá jẹ́ pé mọ́tò ń gbé yín dé ibi ibùba, tí ẹ sì ń jókòó síbẹ̀ títí, ínṣì 7 yóò sinmi ojú yín.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju ìtóbi lọ ni ibi tí ẹ ó gbé e kọ́, ó sì dùn mí pé ìwé ìtọ́nisọ́nà tó ń bá mọ́nítọ̀ wá kì í mẹ́nu bà á. Àwòrán inú ìpolówó máa ń fi mọ́nítọ̀ sórí kámẹ́rà, ní ibi tí a ń fi iná sí. Fún lẹ́ǹsì kúkúrú, kò burú. Fún lẹ́ǹsì mílímítà 400 tàbí 600, ìka tí ẹ bá fi kan ojú mọ́nítọ̀ láti sọ àwòrán di ńlá yóò mi gbogbo fídíò náà, afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ lu mọ́nítọ̀ yóò sì mì í bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń mi ìgbókùn ọkọ̀. Ẹ fi apá irin tó ní ẹnu ìfún mú mọ́nítọ̀ náà mọ́ ẹsẹ̀ tírápọ́dù, kí ẹ jẹ́ kí wáyà HDMI rọ̀ díẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì kí kámẹ́rà lè yí láìfà á. Lọ́nà bẹ́ẹ̀, ẹ lè fọwọ́ kan ohun tó wù yín lójú mọ́nítọ̀ nígbà tí fídíò ń lọ. Kí ẹ lè ṣe èyí, ẹ wò ó pé mọ́nítọ̀ tí ẹ fẹ́ rà ní ihò ìdè ìwọ̀n ínṣì ¼ ní ìsàlẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ nìkan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Àwọn irinṣẹ́ inú rẹ̀

Àwọn àgbà ní agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékèélékèé ló lẹfun. Àwọ̀ mẹ́ta yìí ni mo fi ń yẹ irinṣẹ́ mọ́nítọ̀ wò, nítorí ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà bàjẹ́ nínú fídíò yàtọ̀ síra.

Ẹfun lékèélékèé máa ń jóná. Irinṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọ ni zebra, èyí tó ń fi ìlà wínníwínní bo ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kọjá ìwọ̀n tí ẹ yàn. Ẹ gbé e sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá ń ya S-Log3, ìyẹn ọ̀nà log ti Sony tó ń gba àwòrán sílẹ̀ bí èyí tó ti ṣá kí a lè tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà, ẹ mọ̀ pé funfun rẹ̀ ti dé òpin ní nǹkan bíi 94, nítorí náà zebra 95 kò ní kìlọ̀ ohunkóhun fún yín. Ẹ gbé e wálẹ̀ sí 90. Nígbà tí ìlà bá ti bo ẹ̀yìn ẹyẹ náà, ẹ dín ihò lẹ́ǹsì kù, tàbí kí ẹ fi gíláàsì ND, tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, bo ojú lẹ́ǹsì, títí ìlà náà yóò fi ku díẹ̀díẹ̀ ní èjìká rẹ̀ nìkan. Koríko tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò dúdú díẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúdú. Dúdú díẹ̀ ṣeé gbé sókè nígbà ìtòfídíò, ìyẹ́ tó ti jóná kò ṣeé mú padà.

Aró agbe máa ń rì sínú òjìji, pàápàá láàárín ewé. Ojú ni yóò sọ pé ó dára, ṣùgbọ́n waveform, èyí tó ń to gbogbo ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ìlà orí ìwé, ni yóò fi hàn yín bóyá ara ẹyẹ náà ti dùbúlẹ̀ sí odo tàbí ó ṣì gbé orí sókè díẹ̀. False colour ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kan náà nípa fífi àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kun ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì yá fún ojú láti kà ju waveform lọ, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kọ́ ìtumọ̀ àwọn àwọ̀ náà sórí, nítorí kì í ṣe bákan náà lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó ń ṣe mọ́nítọ̀. Irinṣẹ́ yìí náà ló ń gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀tàn ìrọ̀lẹ́ tí mo sọ nípa àwọn àdán: bí ojú bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, tí waveform sì ń sọ ọ̀tọ̀, waveform ni kí ẹ gbàgbọ́.

Ti osùn àlùkò ló ṣòro jù. Nígbà tí ẹyẹ tó pupa bẹ́ẹ̀ bá na ìyẹ́ rẹ̀ nínú oòrùn, àwọ̀ pupa nìkan lè kún kọjá ààlà nígbà tí ìmọ́lẹ̀ àpapọ̀ ṣì wà ní ìwọ̀nba, zebra kò sì ní fi ìlà kankan hàn. Mọ́nítọ̀ tó ní RGB parade ń fi pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù hàn ní ìlà mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ó sì rí pupa tó ń fi orí kan àjà. Bí owó yín bá gbà á, ẹ má ṣe ra mọ́nítọ̀ tí kò ní èyí.

Lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀, fókọ́ọ̀sì ló kù. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì mílímítà 400 ní f/5.6 (ìwọ̀n ihò lẹ́ǹsì) lórí kámẹ́rà full-frame, èyí tí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ tóbi bíi ti fíìmù mílímítà 35, ohun tó mọ́ kedere ní mítà 10 kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 21 lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, lékèélékèé fúnra rẹ̀ sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50. Ìyẹn ni pé bí ẹyẹ náà bá kọjú sí yín, ẹnu rẹ̀ lè mọ́ kí ìrù rẹ̀ ṣú. Peaking, èyí tó ń fi àwọ̀ kun etí ohun tó wà nínú fókọ́ọ̀sì, ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n níwájú koríko àti imọ̀ ọ̀pẹ, gbogbo ojú mọ́nítọ̀ ni yóò kún fún àwọ̀. Ẹ yan mọ́nítọ̀ tó jẹ́ kí ẹ dín agbára peaking kù, tó sì jẹ́ kí ẹ yan àwọ̀ rẹ̀: àwọ̀ ewé kò wúlò nínú igbó, àwọ̀ ìyeyè kò sì wúlò fún ẹ̀gà, pupa tàbí búlúù ni kí ẹ lò. Kódà nígbà náà, peaking jẹ́ afinimọ̀nà lásán. Ohun tó ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ni kí ẹ sọ ojú ẹyẹ náà di ńlá lójú mọ́nítọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kí ẹ sì padà. Nítorí náà, mọ́nítọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnnì gidi kan tí ẹ lè yàn fún iṣẹ́ yìí, nítorí ìka tó ti tutù nítorí omi Olúmirin kì í ríṣẹ́ ṣe dáadáa lórí ojú tí a ń fọwọ́ kàn.

Ẹni tó ń ya log, irú S-Log3 tí mo sọ lókè, yóò nílò mọ́nítọ̀ tó ń gba 3D LUT, ìyẹn fáìlì tó ń dá àwọ̀ padà sípò, láti orí káàdì SD kí àwòrán má bàa rí bí èyí tó ti ṣá lójú rẹ̀. Agbọ́rọ̀sọ kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti ètò fún lẹ́ǹsì anamorphic tí àwọn onísinimá ń lò kò kàn yín. Ẹ má fi owó kún owó nítorí wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bátìrì

Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ń lo bátìrì oríṣi NP-F ti Sony. NP-F550 ni èyí kékeré, agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi Wh (wọ́ọ̀tì-wákàtí) 16, NP-F970 sì ni èyí ńlá, tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi Wh 47. Ẹ wá iye wọ́ọ̀tì tí mọ́nítọ̀ ń jẹ nínú ìwé rẹ̀, kí ẹ fi pín agbára bátìrì. Mọ́nítọ̀ tó ń jẹ wọ́ọ̀tì 12 yóò lo fẹ́rẹ̀ẹ́ wákàtí mẹ́rin lórí NP-F970, ṣùgbọ́n ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò nítorí ọjọ́ orí bátìrì, kí ẹ ka wákàtí mẹ́ta. Lórí NP-F550, kò ní ju wákàtí kan lọ dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ nit 2000 ń jẹ iná ju 500 lọ fíìfíì, nítorí náà ẹ máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dúró de ẹranko.

Iná mànàmáná wa kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, bátìrì tó bá sì kú lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ lè má rí iná títí ọjọ́ Sátidé yóò fi mọ́. Mo fẹ́ràn mọ́nítọ̀ tó tún ń gba iná láti ẹnu USB-C, nítorí power bank tí ẹ ń fi ṣàájì fóònù lè gbà yín là, bí agbára rẹ̀ bá tó ohun tí mọ́nítọ̀ béèrè. Ní ti bátìrì ayédèrú, nọ́ńbà ńlá tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ ṣàájì rẹ̀ títí yóò fi kún, ẹ fi sí mọ́nítọ̀ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ gíga jù, ẹ ka àkókò tó lò kí ó tó kú, kí ẹ sì kọ iye náà sórí bébà kékeré lẹ̀ mọ́ ọn. Nọ́ńbà tí ẹ kọ fúnra yín yẹn ni òótọ́.

Èyí tó ń gba fídíò sílẹ̀ ńkọ́?

Àwọn mọ́nítọ̀ kan ń gba fídíò sílẹ̀ fúnra wọn. Atomos Ninja V, tó jẹ́ ínṣì 5.2 pẹ̀lú nit 1000, wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Blackmagic Video Assist 12G HDR tó ní nit 2500. Wọ́n dára fún ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ ń fún fídíò pọ̀ jù kí fáìlì rẹ̀ lè kéré. Ṣùgbọ́n ProRes 422 HQ, irú fáìlì fídíò tí wọn kò fún pọ̀ púpọ̀, ní 4K férémù 25 ń jẹ nǹkan bíi GB 330 ní wákàtí kan, ẹranko sì máa ń pẹ́ kí ó tó yọjú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ní fáànù, ariwo rẹ̀ lè wọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, eruku ọyẹ́ sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, mo ní kó ra mọ́nítọ̀ lásán tó mọ́lẹ̀ dáadáa, kó fi owó tó kù kún ti lẹ́ǹsì.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìdánwò kí ẹ tó sanwó

Ẹ gbé kámẹ́rà tiyín, lẹ́ǹsì yín gígùn jù àti wáyà tiyín lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ì báà jẹ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà ni ẹ lọ tàbí ọwọ́ ẹni tó ń ta àlòkù ní ìlú. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gbé e dé ẹnu ọ̀nà kí n wò ó nínú oòrùn." Ẹni tí ọjà rẹ̀ dára kò ní kọ̀. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn kí ó bọ́ sórí mọ́nítọ̀, kí ẹ wo aṣọ funfun kan àti ewé kan, kí ẹ sì gbìyànjú láti mú fókọ́ọ̀sì lára ìránṣọ aṣọ náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn bí ó ṣe ń lọ́ra. Ẹ ṣí aago tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá lórí fóònù kan, ẹ kọjú kámẹ́rà sí i, kí ẹ sì fi fóònù mìíràn ya fọ́tò tí aago náà àti mọ́nítọ̀ jọ hàn nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì ni ìdádúró náà, ti kámẹ́rà àti ti mọ́nítọ̀ lápapọ̀. Ẹyẹ tó ń fò ní mítà 10 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò ti lọ ní mítà kan gbáko bí ìdádúró náà bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ó bá ju ìdá méjì nínú mẹ́wàá lọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń ya ohun tó dúró sójú kan. Ẹ wo mọ́nítọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, kí ẹ tàn án fún ìdajì wákàtí, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó gbóná kọjá ohun tí ọwọ́ lè gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Àárọ̀ àkọ́kọ́

Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ibi tí ẹ fẹ́ lọ, pàápàá bí ó bá jẹ́ inú ọgbà yunifásítì, nítorí kámẹ́rà ńlá lórí tírápọ́dù máa ń fa ìbéèrè. Ẹ débẹ̀ kí oòrùn tó yọ, ẹ to gbogbo nǹkan nígbà tí àwọn ẹyẹ kò tíì sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì gbé ìmọ́lẹ̀ mọ́nítọ̀ wálẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ pa àmì iná pupa tó wà lára rẹ̀ bí ó bá ní. Ẹ ṣètò zebra, peaking àti bọ́tìnnì ìsọdińlá lórí òkúta tàbí kùkùté tó wà ní ibi tí ẹ retí pé ẹyẹ yóò bà sí, nítorí kò sí àyè fún ìṣètò nígbà tó bá ti bà.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ ṣí fídíò náà lórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ fi wé ohun tí ẹ rántí pé mọ́nítọ̀ fi hàn yín. Bí ti kọ̀ǹpútà bá pupa díẹ̀, tàbí bí ti mọ́nítọ̀ bá ní búlúù púpọ̀, ẹ tún àwọ̀ mọ́nítọ̀ ṣe nínú ètò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi sún mọ́ ara wọn. Ó gbà mí ní òwúrọ̀ mẹ́ta kí tèmi tó bára mu. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó gbẹ nu eruku kúrò lójú rẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ihò HDMI, ẹ yọ bátìrì kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi í sínú àpò pẹ̀lú ìdì silica gel kan kí ọ̀rinrin má bàa dúró síbẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.